Kí O Tó Jẹ́ Kí Wọ́n Yẹ Orúkọ Rẹ Wò

Ṣọ́ọ̀bù Jórin-jórin,
Ẹ̀yìn ibùdókọ̀,
Mowe.
Ọjọ́rú.

Tèmítọ́pẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ṣẹ́gun ọkọ rẹ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tuntun ní ilé ìwòsàn yẹn ní Ifo. Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé èmi tí n kì í kọ ju ìwọ̀n ilẹ̀kùn àti iye irin lọ ni mo jókòó tí mo ń kọ lẹ́tà. Inú ìwé tí mo fi ń ya àwòrán gééti ni mo ti fa tákàdá yìí ya. Bí o bá rí ìlà pẹ́ńsùlù lẹ́yìn rẹ̀, má wulẹ̀ wá ìtumọ̀ rẹ̀, fèrèsé ẹnì kan ni.

Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, o ní ìwọ àti Ṣẹ́gun fẹ́ yá owó láti fi ra àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Ibafo, pé onílẹ̀ ti fún yín di ìparí oṣù yìí. O ní, "Dádì, wọ́n ní soft check ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe fún èmi àti Ṣẹ́gun ní Friday. Ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́ fún wa ṣá? Ẹ̀yin lẹ ti ń yá owó fún iṣẹ́ yín tipẹ́, mo ní kí n kọ́kọ́ bi yín." Mo dá ọ lóhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo sì gé fóònù. Tọ́pẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Mò ń gbọ́ ọ kedere, mo tiẹ̀ ń gbọ́ bí Ṣẹ́gun ṣe ń pọnmi sínú ike lẹ́yìn rẹ. Ojú ló tì mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo fi ọ̀rọ̀ gidi sí ìparí, bí ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ sínú ẹ̀kọ fún ọmọdé. Mo ti fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí wọ́n bá yẹ orúkọ rẹ wò ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa rí gbèsè kan níbẹ̀ tí ìwọ ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Orúkọ rẹ ni mo fi yá owó náà, mi ò sì san án lásìkò. Ṣẹ́gun máa wà ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nígbà tí wọ́n bá kà á jáde. Ọmọkùnrin tó bi ọ́ kí ẹ tó fẹ́ra pé ṣé o jẹ ẹnikẹ́ni lówó, tí o sì wò ó lójú pé rárá, yóò rò pé irọ́ lo pa fún òun.

Ó ṣeé ṣe kí o ti fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ báyìí. Bí o bá ti fi í sílẹ̀, jọ̀ọ́, padà mú un. Ìbéèrè tí o bi mí, ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí bàbá rẹ lè dáhùn rẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà, ọwọ́ èmi náà ni mo sì fi tẹ orí ọmọ náà wọ́. Ó kéré tán, kí n sọ fún ọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ohun tí wọ́n ń pè ní soft check yẹn, èmi á pè é ní ìyẹ̀wò fẹ́rẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn báǹkì àti àwọn tó ń yáni lówó: ta ló yá, ìgbà wo ló yá, ṣé ó san án lọ́jọ́ tó ní òun máa san án. BVN rẹ ni wọ́n fi ń so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ. Bí ayánilówó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí òun bá ọ sọ̀rọ̀ rárá, yóò gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ, yóò yọjú wo àkọsílẹ̀ náà, yóò sì padà sẹ́yìn. Ìyọjú yẹn kì í fi àmì sílẹ̀ tí ayánilówó mìíràn máa rí tí á fi máa fura sí ọ.

O rántí àǹtí Ṣẹ́gun, èyí tó ga tó máa ń wọ gíláàsì? Ní bí oṣù méjì kí wọ́n tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé òun fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn irin fún ilé ìdáná. Ó ná an títí. Bó ṣe ń ná an ló ń bi mí pé, "Bàbá, ẹ ti pẹ́ níbí o? Ọmọ mélòó lẹ bí? Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ni ṣọ́ọ̀bù yìí àbí ẹ gbà á ni?" Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ra káàdì kan, ó sì lo ju wákàtí kan lọ níbẹ̀. Kò ra ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni mo tó tún rí i, ó jókòó sáàárín àwọn ẹbí ọkọ, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, "Màdáámù, ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá Ìyàwó, ilẹ̀kùn kọ́ ni mo wá ná, ẹ̀yin ni."

Ìyẹ̀wò fẹ́rẹ́ nìyẹn. Ó wò wá, ó lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ní àdúgbò, bí wọ́n bá sì ti ní àwọn ò ṣe mọ́, kò ní ba orúkọ rẹ jẹ́ níbì kankan. Ìyẹ̀wò gidi wá dà bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí o bá kọ̀wé béèrè owó ní tòótọ́, tí o fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fún ọ, ni wọ́n máa ń ṣe é. A ti to àga síta, gbogbo àdúgbò ti rí i. Kò burú tó bá jẹ́ ilé kan. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin kan bá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní ilé mẹ́fà láàárín oṣù kan, tí kò sì gbé ìyàwó kankan, ilé keje á béèrè ohun tó ń ṣe é.

Nítorí náà, ìdáhùn rẹ rèé, Àbẹ̀kẹ́: ìyẹ̀wò fẹ́rẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń rí nǹkan. Bí wọ́n bá sì ṣe é tí wọ́n ní ó dáa, wọn ò tíì fún ọ lówó o. Wọ́n kàn ní kí o máa bọ̀ ni. Ìyẹ̀wò gidi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní báyìí, àṣìṣe mi. Mo máa tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé ọ̀kan ló ń bí èkejì.

Èkínní, láti ìgbà èwe mi ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkìrun dé Mowe, tí mi ò tíì pàdé ìyá rẹ, mo wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan ní Ibafo. Mo yá owó nínú méjèèjì lóṣù kan náà. Akọ̀wé kọ̀ọ̀kan bi mí pé ṣé mo jẹ ibòmíràn, mo ní rárá, mo tiẹ̀ bínú pé wọ́n bi mí. Mi ò mọ̀ pé ìjọ kan náà ni àwọn akọ̀wé méjèèjì ń lọ, àti pé wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ibi tí wọ́n ti ń múra orin ìkórè sílẹ̀ ni orúkọ mi ti jáde. Nígbà tí mo dé ìpàdé Mowe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akọ̀wé obìnrin náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Bùrọ̀dá Jórin-jórin, ṣé ẹ rò pé àwa kì í bára wa sọ̀rọ̀ ni?" Wọ́n yọ mí nínú méjèèjì. Ó yẹ kí ọjọ́ yẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n tí màá lò títí ayé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń yáni lówó máa ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tiwa, ẹnu akọ̀wé ni. Nígbà tiyín, ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ kì í sì í gbàgbé, kì í ṣàánú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo jẹ níta, sọ gbogbo rẹ̀, kódà bó jẹ́ owó fìríìjì tí o ń san díẹ̀díẹ̀. Gbèsè tí o fẹnu ara rẹ sọ kì í dẹ́rù bà wọ́n tó èyí tí wọ́n fúnra wọn bá rí.

Èkejì. Nígbà tí o wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ìwé, ẹ̀rọ ìjórin mi jóná. Ní àsìkò náà, Alàgbà kan ní Ibafo ti san ìdajì owó gééti ńlá fún mi, owó náà ò sì sí lọ́wọ́ mi mọ́. Mo ti fi ra irin fún iṣẹ́ ẹlòmíràn. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ mọ àṣà yìí dáadáa: owó Táyé là ń fi ṣe iṣẹ́ Kẹ́hìndé, a ó sì máa bẹ Táyé pé iná ìjọba ni ò sí. Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ó ní òun á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níwájú gbogbo èèyàn. Mo ń sọ fún ara mi pé ikú yá ju ẹ̀sín. Tọ́pẹ́, òwe tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sá fún ẹ̀sín kékeré pẹ̀lú òwe yẹn lẹ́nu lè sáré wọ inú èyí tó tóbi jù ú lọ. Ká ní mo lọ bá Alàgbà, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ná owó yín," ó lè bú mi, ó lè pe ọlọ́pàá paápàá, kò ní ju ìyẹn lọ.

Kàkà bẹ́ẹ̀, fóònù ni mo gbé, kí n lè yá owó ẹ̀rọ tuntun àti irin gééti náà. Mo ṣe owó yíyá bí mo ṣe ń ṣe irin. Bí mo bá fẹ́ ra irin, ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni mo máa ń ná an kí n tó sanwó, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí ẹni tó kàn ná ọjà. Mo wá rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn wọ̀nyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ti kọ orúkọ mi sọ́dọ̀ ayánilówó mẹ́fà lórí fóònù. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ bi mí pé ṣé kí àwọn kàn wò ó fún mi ni, àbí kí àwọn gba ìwé ìbéèrè mi wọlé. Èkejì ni mo tẹ̀, nítorí pé bọ́tìnnì rẹ̀ ló tóbi jù. Àbẹ̀kẹ́, má rẹ́rìn-ín. Tàbí kí o rín in, ó tọ́ sí mi. Ìyẹ̀wò gidi mẹ́fà ni mo fi kan ara mi lọ́sẹ̀ kan. Àkọ́kọ́ ní owó tó ń wọlé fún mi kò tó. Nígbà tó fi máa dé ẹni kẹfà, wọn ò tiẹ̀ fún mi ní èsì tó gùn. Wọ́n ti rí àwọn márùn-ún tó ṣáájú.

Ìwọ, fi ẹnu béèrè. Béèrè èlé wọn, béèrè oṣù tí wọ́n fún ọ, béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí o bá pẹ́. Bí wọ́n bá ní ìyẹ̀wò fẹ́rẹ́, jẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí o fi wọ́n wéra wọn. Ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ni kí o ti kọ̀wé béèrè. Kí o tó tẹ "mo gbà," béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó níwájú rẹ pé, "Ṣé fẹ́rẹ́ ni àbí gidi?" Bí kò bá lè dá ọ lóhùn, gbé báàgì rẹ.

Ẹ̀kẹta ni mi ò fẹ́ kọ.

Káàdì sím tí mo rà fún ọ nígbà tí o wọ ilé-ìwé, èyí tí a fi ṣí àkáǹtì rẹ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ mi lo fi sílẹ̀ nígbà tí o ra òmíràn. O ní kí n máa lò ó kó má bàa kú. Gbogbo ohun tí báǹkì bá kọ sí ọ, inú fóònù kékeré mi ló ń wọ̀. Ìwé BVN rẹ sì wà nínú àpótí ìyá rẹ, níbi tí a kó ìwé ọjọ́ ìbí yín sí. Ìwọ lo fọkàn tán wa, o ò tiẹ̀ ronú sí i.

Ọ̀sán ni. Òjò ń rọ̀, a ò lè jórin. Ayánilówó keje ló wà lójú fóònù, ó ní kí n kọ orúkọ. Mo kọ tèmi, mo pa á rẹ́. Mo kọ tìrẹ. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, pé tí mo bá ti gbé gééti Alàgbà dé, yóò san ìyókù, màá san gbèsè náà, o ò sì ní mọ̀ láé. Wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ìwọ gan-an ni. Fóònù kékeré dún nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo mú un jáde, mo ka nọ́ńbà náà, mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ńlá. Mo ṣe é wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń ra káàdì fóònù. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù bí mo ṣe ń rántí rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ pé, "Tèmítọ́pẹ́, a bá ọ yọ̀, owó rẹ ti wọlé." Inú àkáǹtì àtijọ́ tí o ti pa tì ló wọ̀, fóònù kékeré náà ni mo sì fi gbé e jáde.

Alàgbà ò san ìyókù lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Oṣù márùn-ún ló tó san án, mi ò sì lè dá a lẹ́bi, èmi ni mo kọ́kọ́ dá a dúró. Ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, ayánilówó keje yẹn ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bú ọ. "Tèmítọ́pẹ́, olè ni ọ́." "Tèmítọ́pẹ́, ìdílé rẹ máa gbọ́." Èmi ni mò ń kà á, èmi ni mò ń pa á rẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọ̀kan rẹ́ ni o pè láti ilé-ìwé, o ní, "Dádì mi, ẹ ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Mo gbàdúrà fún ọ kí o tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí pé mo lè gbàdúrà yẹn.

Mo san gbogbo rẹ̀ tán, pẹ̀lú èlé. Ṣùgbọ́n mi ò gba ìwé kankan pé mo ti san tán. Mo rò pé ibi tí owó bá ti tán lọ̀rọ̀ tán sí. Ẹ̀yìn ìgbéyàwó yín ni ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ irin sọ fún mi pé oṣù tí èèyàn fi pẹ́ kì í kúrò nínú àkọsílẹ̀ bọ̀rọ̀, pé àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ kọ ọ́ pé o ti san. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Kí n sọ èyí tó burú jù. Ní ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ yẹn, àǹtí Ṣẹ́gun dìde, ó ní, "A ti wádìí ilé yìí, wọn kì í jẹ gbèsè." Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo tẹrí ba. Ìtìjú ni mo tẹrí ba fún, wọ́n pè é ní ìrẹ̀lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbé ọpọ́n náà sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jí orúkọ ọmọ." Inú bí mi. O mọ̀ mí, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mí ni mo ti máa ń pariwo. Mo ní, "Orúkọ wo ni mo jí? Ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ!" Kò pariwo padà. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ lórúkọ lóòótọ́. Ẹ ti fún un. Ohun téèyàn bá ti fún ọmọ, kì í ṣe tiẹ̀ mọ́." Ó wá gbé ọpọ́n ẹ̀wà rẹ̀ wọlé, kò sì tíì bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ títí di òní.

Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn ju ìwàásù èyíkéyìí lọ. Ọmọ mi, mo rò pé nítorí pé èmi ni mo bí ọ, mo lè ná ọ. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, mo kọ́ ọ ní òwe yẹn nígbà tí o wà ní kékeré, mo sì mú orúkọ rere rẹ lọ fi gba owó ẹ̀rọ ìjórin. Mo bẹ̀ ọ́. Mi ò ní àwáwí kankan.

Wo ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Fún Ṣẹ́gun ní lẹ́tà yìí. Má ṣe sọ ọ́ fún un lẹ́nu, kó má bàa dà bí ẹni pé o ń gbèjà mi. Jẹ́ kó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣe bí òmùgọ̀. Kí ọkọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ayánilówó, ìyẹn ò dára.

Sọ fún àwọn ayánilówó yẹn pé kí wọ́n sún ìyẹ̀wò náà síwájú díẹ̀, kí ìwọ fúnra rẹ kọ́kọ́ béèrè fún àkọsílẹ̀ rẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó o jọ. Ẹ̀tọ́ rẹ ni. Bí o bá wo tìrẹ, fẹ́rẹ́ ni, kì í dín ọ kù níbì kankan. Ó yẹ kí èèyàn máa wò ó bó ṣe ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí kó tó jáde. Bí o bá rí i pé wọn ò tíì kọ ọ́ pé owó yẹn ti di sísan, èmi ni mo ní ẹ̀rí sísan náà, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù.

Mo ti kọ ìwé mìíràn, mo so ó mọ́ èyí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé èmi, bàbá rẹ, ni mo yá owó náà láìjẹ́ pé o mọ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi. Mú un lọ síbikíbi tó bá yẹ. Tí wọ́n bá ní kí n wá, màá wá. Bí wọ́n bá sì ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, mo mọ ọ̀nà tésàn. Mi ò ní rán pásítọ̀ sí ọ. Mi ò ní rán àbúrò mi láti Ìkìrun pé kó wá bá mi bẹ̀ ọ́, kí wọ́n máa sọ fún ọ pé bàbá ò ṣe é kọ̀. O mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa: ẹni tó ṣẹ̀ á kó àgbà jọ, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á wá máa dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Mi ò ní ṣe ìyẹn fún ọ.

Káàdì sím rẹ wà nínú àpò ìwé yìí. Láti òní lọ, nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ fún ọ bí bàbá pé kí o má sọ ọ́ fún bàbá rẹ.

Ìgbàkígbà tí o bá san gbèsè tán, béèrè ìwé pé o ti san tán, má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi fún ọ, kí o sì padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan bóyá wọ́n ti kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ṣì ní ìmọ̀ràn lórí ilẹ̀ náà, lórí ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ọkọ rẹ gbọ́n, ẹ ó ṣe é. Mi ò rò pé mo yẹ lẹ́ni tó ń fún èèyàn nímọ̀ràn ju ibi tí mo dé yìí lọ.

Ọjọ́bọ̀, ní Ifo.

Mo ti fẹ́ fún awakọ̀ kan ní lẹ́tà yìí kó bá mi mú un wá. Mo dé gáréèjì, mo rí i pé mo tún fẹ́ sá ni. Mo wọ ọkọ̀ fúnra mi. Mo fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn yín ní lẹ́tà náà pé kó gbé e fún ọ ní yàrá àyẹ̀wò, mo sì tún gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ìwọ̀nba ìlà yìí kún un. Ó ń wò mí bíi wèrè.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní òdì kejì títì, lábẹ́ pátákó àwọn tó ń tún taya ṣe. Bí o bá kà á tán tí o ò fẹ́ rí mi, sọ fún ẹ̀ṣọ́ kó wá sọ fún mi, màá wọ ọkọ̀ padà sí Mowe, mi ò ní bínú, mi ò sì ní pè ọ́ títí ìwọ á fi pè mí. Bí o bá sì jáde wá bá mi, ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ, Àbẹ̀kẹ́ mi. Má kúnlẹ̀ kí mi lónìí.

Èmi tí ojú ń tì,
Bàbá rẹ.